Láti Ọwọ́ Ẹbí Dé Ọwọ́ Plánà: Ìtàn Iṣẹ́ Ètò Ìgbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ènìyàn máa ṣètò ìgbéyàwó fún ẹlòmíràn kí ó sì gba owó lórí rẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Iṣẹ́ ètò náà fúnra rẹ̀ ló ti pẹ́. Kí ó tó di ohun tí wọ́n ń so pátákó mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù fún, ọwọ́ ẹbí ló wà. Wọ́n pín in káàkiri láàárín ara wọn, oníkálukú sì mọ èyí tó kàn án àti ẹ̀tọ́ tó wà níbẹ̀. Ìtàn òwò yìí ni ìtàn bí àwọn ìpín náà ṣe bọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi wá di pé wọ́n nílò ẹni tí yóò tún kó wọn jọ, tí ẹni náà, tí a mọ̀ sí plánà lónìí, sì ń gba owó iṣẹ́.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àdúgbò ńlá márùn-ún ló para pọ̀ di ìlú náà: Òkè-Sòpin, Òkè-Àgbò, Òjòwò, Àtìkòrì àti Jàpárá. Orímolúsì ni ọba wọn. Àgọ́-Ìwòyè àti Orù kò jìnnà sí i, bí ènìyàn bá sì kọjú sí gúúsù títí, yóò bọ́ sí etí ọ̀sà ní Ogun Waterside, níbi tí Àbígí ti jẹ́ olú ìlú. Gẹdú, kòkó àti obì ni owó ìlú ti ń wá láyé àwọn bàbá, nítorí náà ìgbà tí ìkórè bá wọlé ni ìnáwó ìyàwó náà máa ń wọlé. Ohun mìíràn tún wà tó mú kí ìgbéyàwó ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gba ètò ju ti ibòmíràn lọ. P. C. Lloyd, onímọ̀ nípa àwùjọ tó ṣèwádìí láàárín àwọn Yorùbá ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ṣàkíyèsí pé ọmọ Ìjẹ̀bú kì í ka ara rẹ̀ mọ́ ìdílé bàbá nìkan. Ó ní ẹ̀tọ́ nínú ilé ìyá rẹ̀, nínú ilé ìyá bàbá rẹ̀ àti nínú ilé ìyá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ní ilé mẹ́rin ní ilé mẹ́rin láti sọ fún. Bí wọ́n bá gbàgbé ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rọ̀ náà kì í tán lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Àkọsílẹ̀ tó ṣe kedere jù lọ nípa ètò àtijọ́ wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897, tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kú ní ogún ọdún ṣáájú. Ọ̀yọ́ ló mọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìlà tó là sílẹ̀ bá ti àwọn ará Ìjẹ̀bú mu ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn obìnrin inú ilé ọkọ ló ń fojú sóde. Wọ́n lè máa ṣọ́ ọmọbìnrin láti kékeré, lójú odò, lójà, níbi tó ti ń gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ìwádìí: ṣé kò sí wèrè, wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ nínú ìdílé náà, ṣé kì í ṣe ilé onígbèsè, ṣé kì í ṣe ilé olè. Wọ́n á bi Ifá. Bí gbogbo rẹ̀ bá rọgbọ ni wọn yóò tó rán alárenà.

Alárenà yìí ni a lè pè ní olùṣètò àkọ́kọ́. Kì í ṣe ẹni tí ń jẹ́ iṣẹ́ lásán. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ilé kan dé èkejì, ó sì ń yọ ẹ̀gún inú rẹ̀ kí ó tó dé etí ẹni tí wọ́n ń bá sọ. Òun ló mọ iye tí ẹbí ìyàwó ń retí àti iye tí ẹbí ọkọ lè kó jọ; òun ló mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n tọrọ ìṣíhùn, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí, ìgbà tó yẹ kí ìdána tẹ̀ lé e, àti ọjọ́ tí oko kò ní dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́. N. A. Fadipe, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí àwùjọ Yorùbá fún yunifásítì London ní 1939, sọ̀rọ̀ nípa alárenà nínú ìwé rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1970. Ohun tí alárenà máa ń jẹ ni ẹ̀bùn àti ọpẹ́, kì í ṣe owó oṣù. Bí àárín tọkọtaya bá sì dàrú lẹ́yìn náà, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Òwe tó ní bí ọkọ bá mojú aya tán, alárenà a yẹ̀ba, sọ bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń parí. Àmọ́ nínú ìlú tí kò tóbi, yíyẹ̀ba náà ní ìwọ̀n: ẹni tó bá ṣe é dáadáa fún ilé kan ni ilé mìíràn yóò tún wá bẹ̀.

Láàárín ìṣíhùn àti ìgbéyàwó, ọdún lè gorí ọdún. Ọkọ àfẹ́sọ́nà yóò máa fi iṣu àti igi ìdáná ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ lọ́dọọdún, yóò sì kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna náà. Lójú ẹni tó bá ń wo ìtàn òwò, èyí náà jẹ́ ọ̀nà ìsanwó: ìnáwó tí ènìyàn kò lè san lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ san díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdána àti lọ́jọ́ ìgbéyàwó, iṣẹ́ pín. Àwọn ìyàwó ilé ló ń pọn omi, tí wọ́n ń lọ ata, tí wọ́n ń gúnyán, tí wọ́n ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Àwọn ọmọ ilé, ìyẹn àwọn obìnrin tí a bí nínú ilé náà, ló ń gba ẹrù, tí wọ́n ń kà á, tí wọ́n sì ń pín in. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló ń la igi, tí wọ́n ń gé imọ̀ ọ̀pẹ wá fi pa àtíbàbà. Bàálé ń gbàdúrà, ó ń dá àwọn tí ọtí bá fẹ́ gùn lẹ́kun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ìyàwó ló ń sìn ín lọ sílé ọkọ ní alẹ́, obìnrin ilé ọkọ kan ló sì ń bu omi sí i lẹ́sẹ̀ kí ó tó wọlé. Kò sí ẹni tí ẹnikẹ́ni san owó fún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ lásán. Nínú ẹrù ìdána, owó ìyàwó ilé wà, owó ọmọ ilé wà, owó ìjókòó àgbà wà, owó bàbá gbọ́ àti owó ìyá gbọ́ wà, owó ìṣígbá wà. Lónìí, àwọn ènìyàn máa ń kùn sí owó wẹ́wẹ̀wẹ́ wọ̀nyí bí ẹni pé ọgbọ́n ìpawó àwọn ẹbí ni. Owó iṣẹ́ ni wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n dúró fún ti lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àpòòwé wọn kò bá wọn lọ.

Ẹrù fúnra rẹ̀ kò yí padà tó bí ènìyàn ṣe lè rò. Obì, orógbó, atare, oyin, iyọ̀, epo, àádùn àti ẹja gbígbẹ ni ìpìlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àdúrà tirẹ̀. Iṣu méjìlélógójì ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń béèrè, iye kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń kọ síwájú obì àti orógbó. Ẹja náà lè wá láti etí ọ̀sà, nítorí àwọn ará Ogun Waterside ló ń pẹja. Agboorun, àpótí aṣọ, òrùka àti Bíbélì tàbí Kùránì ni wọ́n fi kún un nígbà tó yá.

Ìgbà tó yá yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1892. Títí di oṣù karùn-ún ọdún náà, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, Awùjalẹ̀, ọba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kò fún àwọn oníwàásù láyè. Lẹ́yìn ogun, Ìjẹ̀bú tó kẹ́yìn sí ẹ̀sìn tuntun tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ti ń gbilẹ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Lékòó, òfin ìgbéyàwó ti wà láti 1884, àwọn Sàró tó kàwé, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone, sì ti sọ ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú aṣọ funfun di àmì ọlàjú. Ní 1914 ni òfin irú rẹ̀ wá kan gbogbo Nàìjíríà. Èyí tó ṣe pàtàkì fún ìtàn yìí ni pé ìgbéyàwó kan wá pín sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta. Ìdána ṣì wà nílé. Onígbàgbọ́ wá ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, Mùsùlùmí ní ti yìgì síso níwájú àwọn àlùfáà. Lẹ́yìn èyí ni àpèjẹ. Ọjọ́ kan tí bàálé mọ̀ ọ́n darí tẹ́lẹ̀ wá ní aago, ó ní ìwé ìpè, ó ní ẹni tí yóò ka lẹ́tà, ó ní kéèkì tí a kò lè sè nínú ìkòkò ilé. Aránṣọ, ayàwòrán àti oníkéèkì ni àlejò tí wọ́n kọ́kọ́ sanwó fún nínú ìgbéyàwó. Ìyá ìyàwó kò rí i bí ìtìjú, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tí iṣẹ́ wọ̀nyí jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Aṣọ ẹbí náà wọ inú ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ti máa ń dá aṣọ kan náà láti pẹ́, àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú sì ti ní òkìkí nínú aṣọ híhun, pàápàá aṣọ olónà tí àwọn olóyè ń lò. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 1920 ni aṣọ ẹbí bí a ṣe mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Èkó, kí ó tó tàn wọ àwọn ìlú mìíràn. Nígbà tí kòkó gbówó lórí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kò sí ìdí tí ìlú tó ń ta kòkó, tó ń ta obì, tó sì ń la pákó yóò fi kẹ́yìn. Èésú ni ọ̀pọ̀ fi ń kó owó rẹ̀ jọ. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó gbé láàárín àwọn Yorùbá, kọ àpilẹ̀kọ lórí èésú ní 1952, ó sì ṣàlàyé bí owó tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń dá ṣe máa ń bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ẹni tó ń gbéyàwó, ìyẹn ni báǹkì.

Orin ni ẹ̀ka tí Ìjẹ̀bú-Igbó ti kó ipa tó ju ti ara rẹ̀ lọ. Wàkà ni àwọn obìnrin Mùsùlùmí máa ń kọ níbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìpadàbọ̀ àwọn tó lọ sí Mẹ́kà. Ẹnu àwọn obìnrin ilé ló wà, àtẹ́wọ́ àti ṣẹ́lí sì tó o. Alhaja Bátílì Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ló sọ ọ́ di iṣẹ́. Òun ni a mọ̀ sí obìnrin tó kọ́kọ́ gbé wàkà sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ó sì kọrin káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kí ó tó kú ní 2013. Ọmọ Ìjẹ̀bú mìíràn, Sàláwà Àbẹ̀ní, gba ọ̀nà náà nígbà tó gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1976. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ orin gidi níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ fi owó sílẹ̀ ṣáájú, kí ó sì mú ọjọ́ tó bá ti olórin mu. Àwọn obìnrin ilé ṣì ń kọrin, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onílù bá ń sinmi.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì ti wọ ìlú, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti fò sókè lẹ́yìn ìgbìmọ̀ Udoji ti 1974, tó ṣàtúnyẹ̀wò owó oṣù náà. Àpèjẹ kúrò ní iwájú ilé, ó gba títì. Ìrẹsì borí iyán, kì í ṣe nítorí adùn nìkan bí kò ṣe pé a lè bu ú fún igba ènìyàn kí ó tó tutù. Èyí ló bí àwọn alásè tó ń gba iṣẹ́ kiri pẹ̀lú ìkòkò irin ńlá àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Imọ̀ ọ̀pẹ fi ipò sílẹ̀ fún tapólì lórí òpó irin, bẹ́ǹṣì pákó fi ipò sílẹ̀ fún àga irin, lẹ́yìn náà àga rọ́bà. Àga ló sì ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn kì í kà á sí. Ẹni tó ní igba àga láti fi yáni ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìlú tó mọ gbogbo ọjọ́ tí ìnáwó wà, tó mọ ìnáwó tó tóbi àti èyí tó kéré, tó sì mọ ilé tí kì í sanwó. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni kàlẹ́ńdà ìlú. Ọ̀pọ̀ plánà tó wà ní irú ìlú báyìí lónìí ló bẹ̀rẹ̀ láti inú àga àti àtíbàbà, tàbí láti inú ìsè.

Ìpín tó kẹ́yìn tó bọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹbí ni ẹnu. Láyé àtijọ́, ìyàwó ilé tó bá dáńtọ́ ni wọ́n máa ń yàn láti bá ẹbí kejì sọ̀rọ̀. Ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún ogún, ó di iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, àwọn tó ń ṣe é sì ń jẹ́ alága. Alága ìjókòó ń ṣojú ẹbí ìyàwó, nítorí àwọn ni wọ́n jókòó gba àlejò. Alága ìdúró ń ṣojú ẹbí ọkọ, tí wọ́n dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Bí ìjà bí eré ni iṣẹ́ wọn. Alága ìdúró kan ilẹ̀kùn, alága ìjókòó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí, ó ní kí ó san owó kí òun tó lè dá a mọ̀. Ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, alága ní ìdọ̀bálẹ̀ náà kò kanlẹ̀ dáadáa, wọ́n tún un ṣe. Ọmọbìnrin kan ka lẹ́tà ìtọrọ, òmíràn ka ìdáhùn. Ìyàwó wọlé pẹ̀lú orin, ó kúnlẹ̀ gba àdúrà, ó sì lọ mú ohun tó wù ú nínú ẹrù, èyí tó máa ń jẹ́ Bíbélì tàbí Kùránì tí wọ́n so òrùka mọ́. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ parí kí àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó pẹ́.

Ohun tó yẹ kí a wò dáadáa ni bí alága ṣe ń jẹun. Owó tí wọ́n bá a dúnàádúrà lé lórí kéré sí èyí tó ń rí gbà lójú agbo, nínú owó ìkànlẹ̀kùn, owó orin àti owó ìyànjẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìyànjẹ ni, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí. Nítorí náà, alága tó gbọ́n a máa mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dá ẹnu dúró. Bí ó bá fi tipátipá gba owó lọ́wọ́ ẹbí ọkọ tí kò lówó, ìtìjú náà yóò padà sórí ẹbí ìyàwó tó gbà á síṣẹ́. Alága tó sì mọ èdè Ìjẹ̀bú dé oríkì, tó lè ki ọmọ Òkè-Sòpin yàtọ̀ sí ọmọ Òjòwò, ní ohun tí àjèjì láti Èkó kò lè mú wá. Àwọn alága yìí ló tún gba iṣẹ́ tí alárenà fi sílẹ̀, nítorí àwọn ni àwọn òbí ọ̀dọ́ máa ń lọ bá láti béèrè pé kí ni kí a rà, mélòó ni kí ó jẹ́, ta ni kí a kí ṣáájú. Ìwé ẹrù ìdána tí wọ́n máa ń kọ fúnni di ohun tí wọ́n ń gba owó lé lórí. Láti orí ìwé ẹrù dé orí ríra ẹrù náà bá ni, láti orí ríra rẹ̀ dé orí dídì í sínú agbọ̀n aláràbarà, kò sí ọ̀nà jíjìn níbẹ̀.

Plánà fúnra rẹ̀ wá láti Èkó. Yéwándé Zaccheaus, tó ti ṣiṣẹ́ báǹkì, dá ilé-iṣẹ́ ètò àpèjẹ Eventful sílẹ̀ ní 2002. Fúnkẹ́ Bucknor, agbẹjọ́rò, dá Zapphaire Events sílẹ̀ ní 2003. Àkókò náà bójú mu fún iṣẹ́ náà. Tẹlifóònù alágbèéká ti dé ní 2001. Ní 2003 sì ni Globacom, ilé-iṣẹ́ Mike Adénúgà tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan dípò ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ darí alásè, onílù, ayàwòrán àti amúnáwá lọ́jọ́ kan náà kò lè máa rán ọmọ kiri; ìpè kúkúrú púpọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, irú ìpè bẹ́ẹ̀ ló sì wá di pọ́ọ́kú. Nígbà tí fíìmù The Wedding Party jáde ní 2016, plánà tó ń sáré kiri pẹ̀lú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ létí ti di ẹni tí kò sí òǹwòran kan tó nílò àlàyé lórí rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe dé Ìjẹ̀bú-Igbó rọrùn láti lóye. Àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé ní Èkó, Ìbàdàn tàbí London kì í sábà gba kí ìdána ọmọ wọn ṣẹlẹ̀ níbòmíràn yàtọ̀ sí ilé bàbá. Wọ́n á mú plánà wọn bọ̀ láti Èkó, plánà náà á sì rí i pé kíkó igba àga àti amúnáwá láti Èkó wá kò bá ọgbọ́n mu. Ó wá ń yá wọn lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú. Ẹni tó yá wọn ní àga ní Sátidé kan, tó dúró wo bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ wé àga náà, bí wọ́n ṣe ń to tábìlì, bí wọ́n ṣe ń kọ àkókò ohun gbogbo sórí ìwé, ti kọ́ iṣẹ́ náà dé àbọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ sì wà nítòsí. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ògùn ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982. Wọ́n sọ ọ́ ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní 2001. Irú ìlú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàìní ọmọbìnrin tó mọ gèlè wé, tó mọ ojú ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tàbí ọ̀dọ́ tó lè dúró gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà ní òpin ọ̀sẹ̀.

Òwò kékeré ni ó sì jẹ́ nílùú. Plánà kan, àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ iṣẹ́ méjì, fóònù, àti àkójọ àwọn tó ṣeé pè. Kì í sábà ní owó ìpìlẹ̀ tó pọ̀, nítorí owó oníbàárà ni ó fi ń ṣiṣẹ́: oníbàárà yóò san apá tó pọ̀ jù ṣáájú, plánà yóò fi í dá àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lójú, èyí tó kù yóò wọlé kí ọjọ́ tó pé. Ewu rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí oníbàárà kò bá san èyí tó kù, àwọn alásè àti onílù kò mọ oníbàárà, plánà ni wọ́n mọ̀. Èrè máa ń wá láti ibi mẹ́ta: owó iṣẹ́ tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé, ẹ̀dínwó tí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń fún un, àti ohun tó jẹ́ tirẹ̀ tó ń yáni. Ẹni tó ní àga àti aṣọ tábìlì tirẹ̀ lè gba iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré kí ó sì tún jèrè. Ẹni tí kò ní nǹkan kan ń gbé lórí ẹ̀dínwó, oníbàárà tó bá sì lọ bi alásè ní iye gidi yóò sọ pé olè ni. Aṣọ ẹbí ló sábà ń gbé ìnáwó ró. Ìyá ìyàwó yóò ra aṣọ ní ọ̀pọ̀, yóò tà á fún àwọn ọ̀rẹ́ pẹ̀lú èlé díẹ̀, èlé náà yóò sì di owó ìrẹsì àti ẹran. Plánà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í béèrè iye àlejò lọ́wọ́ ìyá ìyàwó. Iye aṣọ tó ti tà ni ó máa ń béèrè, yóò sì fi ìlọ́po kún un, nítorí ilé mẹ́rin tí a ti mẹ́nu bà.

Kàlẹ́ńdà òwò náà ní òfin tirẹ̀. Oṣù Kejìlá ló kún jù, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá padà wálé. Ọjọ́ Àjíǹde àti àkókò Iléyá tẹ̀ lé e, àyàfi pé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú máa ń kọjú sí ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, sì ti kó owó wọn sórí aṣọ ẹgbẹ́ wọn kí ọjọ́ náà tó dé. Àwọn Mùsùlùmí kì í ṣe àríyá nínú oṣù Ramadan, ọ̀pọ̀ ìjọ kì í sì í so tọkọtaya pọ̀ nínú ààwẹ̀ ogójì ọjọ́. Nínú ìlú tí ẹ̀sìn méjèèjì ti pọ̀, ọ̀kan ló máa ń gba èkejì sílẹ̀: nígbà tí àwọn kan bá ń gbààwẹ̀, àwọn tó kù ń gbéyàwó. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún, ní 2025 àwọn méjèèjì sì bọ́ sórí ara wọn. Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, Ọjọ́rú Eérú, tí ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, sì jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù kan náà. Kò sí oníṣòwò àpèjẹ kan tí kò mọ oṣù náà lára.

Ìkọlù ti dé sí òwò náà léraléra ní àwọn ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin 2020 ni ìpínlẹ̀ Ògùn ti ìlẹ̀kùn pa nítorí àrùn Kòrónà, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún gba kí àwọn ènìyàn pọ̀ jọ. Àwọn tó ti gbowó sílẹ̀ ti ná an. Àwọn tó san owó ń béèrè rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, owó bébà di ọ̀wọ́n nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ ń pààrọ̀ owó, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó tí kò sí ẹni tó rí owó tuntun ná fún ìyàwó lójú ijó. Nígbà tí a yọ owó ìrànwọ́ epo ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún náà, iye tí plánà kọ fún oníbàárà ní oṣù Kẹrin kò lè gbé ìnáwó oṣù Keje mọ́. Láti ìgbà náà ni àdéhùn ti ń ní ọjọ́ tí yóò tán: bí oníbàárà kò bá sanwó kí ọjọ́ náà tó kọjá, wọ́n á tún owó kà.

Owó nínà ní ìṣòro tirẹ̀. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 ti fi òfin de fífọ́n owó sára ènìyàn àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú ijó, ṣùgbọ́n àwọn tó ka òfin náà sí kò tó nǹkan títí di 2024, nígbà tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jìbìtì owó, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Apá kan nínú owó iṣẹ́ alága àti onílù ni èyí kàn, nítorí lójú agbo ni wọ́n ti ń rí i. Ní àwọn ibì kan, wọ́n gbé àpótí síwájú tọkọtaya. Ní ibòmíràn, nọ́ńbà àkáǹtì ni wọ́n kọ sára pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì. Àwọn alága kan ti fi iye kún owó tí wọ́n ń gbà ṣáájú.

Lára àwọn oníbàárà tó ń mówó gidi wá ni àwọn tó wà ní òkèèrè. WhatsApp ni wọ́n fi ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń fi fọ́tò aṣọ ẹbí ránṣẹ́, wọ́n ń san owó ní pọ́n-ùn tàbí dọ́là, wọ́n sì ń retí kí ẹni tó wà ní Manchester lè wo ìdána lórí fóònù nígbà tó ń lọ lọ́wọ́. Fún plánà kékeré ní Ìjẹ̀bú-Igbó, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan lè ju mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ilé lọ. Àmọ́ wọn kì í san gbogbo owó náà fún àjèjì. Wọ́n á kọ́kọ́ rán ẹ̀gbọ́n bàbá kan tàbí àǹtí kan lọ wo gbọ̀ngàn, kí ó jókòó lórí àga, kí ó tọ́ ìrẹsì alásè wò, kí ó sì padà wá jíṣẹ́. Plánà mọ̀ pé ẹni náà ń bọ̀. Ó ti gbé owó ọkọ̀ àti oúnjẹ rẹ̀ sínú ìṣirò, kò sì kọ ọ́ sínú ìwé.